Ọwọ́ Tí Ó Ń Hú Wáyà Yàrá Ìyá Rẹ

Ìlọ́bù,
Ọjọ́ Ajé.

Munirah, Àbẹ̀ẹ́kẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Àbújá? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Allah tó jí wa sáyé lónìí kò ní jẹ́ kí a fojú sunkún ara wa. Husnah, ìyàwó ilé kejì sí tiwa tó ń bá mi se oúnjẹ, ló fẹ́ fi fóònù rẹ̀ gbé lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ, nítorí náà ìwé pélébé ni mo kọ ọ́ sí, mi ò sì ká a, kí ó má baà há sọ́nà.

Iṣẹ́ iná tí o ní kí wọ́n ṣe sílé ti bẹ̀rẹ̀. Bàdírù, ọmọ àbúrò ìyá rẹ ní Ìfọ́n, ló ń ṣe é, láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìjà ilẹ̀ ìlú wa àti tiwọn ti rọlẹ̀ díẹ̀ ló ti ń fi ọ̀kadà wá. Ó fi ṣísù, irin ẹlẹ́nu mímú yẹn, gbẹ́ ògiri láti òkè wá sísàlẹ̀, ó tẹ́ páìpù síbẹ̀, ó ki wáyà bọ inú páìpù, ó sì ri àpótí irin kékeré kan mọ́ ìsàlẹ̀ níbi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì yóò jókòó sí. Mo rò pé èmi ló ṣe àpótí náà fún, mo kó obì àti pákò mi sínú ti pálọ̀, òun ló kó o jáde. Ó ní páìpù ni ààbò wáyà, kí sìmẹ́ǹtì má baà jẹ ẹ́, kí ìṣó má sì gún un, pé wáyà tó bá wà níhòòhò tí iná sì wà nínú rẹ̀, pípa ló ń pani. Mo ní ohun tó burú tó báyìí, kí ló dé tí a fi ń sin ín sínú ilé, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fẹ́ bò ó, mo ṣe àdúà síbẹ̀, nítorí èmi ò mọ ohun tí a ń sin tí a kì í ṣàdúà sí.

Yàrá ìyá rẹ ni ọ̀rọ̀ wà. Ó ti pé ọdún méjì tí Màríámọ̀ ti fi ilẹ̀ bora, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn níbẹ̀. Bí Bàdírù ṣe gbẹ́ ògiri yẹn, sìmẹ́ǹtì ojú rẹ̀ ṣí, amọ̀ àtijọ́ yọ, èyí tí ìyá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ nígbà tó wà ní ìyàwó tuntun. Ojú ìka rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀ ketekete. Mo fi ìka tèmi síbẹ̀, kò gbà, ìka tirẹ̀ kéré. Munirah, mo sunkún. Mo bẹ Bàdírù kó gba ibòmíràn, ó ní ibẹ̀ lo ní kí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà, ó sì bò ó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ti ṣí. Sìmẹ́ǹtì kún ilẹ̀, àpótí irin yẹn sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ, wọ́n rọra tẹ́ ẹ síbẹ̀ bí ọmọ ìkókó. Ìlẹ̀kùn ìta wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn mi. Bàdírù tún un ṣe, ó tún ṣí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, páìpù ti ṣẹ́, wáyà sì wà níta gbangba. Ló bá kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun ò lè bá òkú ẹbí òun du ògiri. Èmi ò bẹ̀rù o. Ìyàwó mi ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń wá. Ṣùgbọ́n ihò náà ń fẹ̀ sí i, láàárọ̀ yìí ó ti gba orí mi, inú ibẹ̀ sì tutù.

Nígbà tí Husnah gbé ẹ̀kọ wá, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí ló dé tí amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì kún èékánná mi, tí ìka mi sì bó. Mo ní bí mo ṣe jí nìyẹn, bóyá ìyá rẹ ló dì í mú. Ó bu omi fọ̀ ọ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n wá máa sùn lọ́dọ̀ àwọn. Mo ní ta ni yóò wá wà pẹ̀lú Màríámọ̀? Ọkàn àwọn obìnrin òde òní ti rọ̀ jù.

Ohun tó ń dààmú mi ni pé àwọn òṣìṣẹ́ iná ti wá gbé mítà kọ́, wọ́n ní nọ́ńbà ni a óò máa fi bọ́ ọ, mi ò mọ ìgbà tó ń yó. Jímọ̀ ni wọn yóò tan iná sí gbogbo wáyà náà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró, wọ́n ní orúkọ rẹ ló wà lórí fọ́ọ̀mù, àfi tí ìwọ bá sọ̀rọ̀. Ọmọ mi, bá wọn sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ ò mọ iná, kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí Bàdírù ń kìlọ̀. Bí o ò bá rí wọn bá sọ̀rọ̀, fi owó ránṣẹ́ kó tó di Jímọ̀, kí n fi ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà irú èyí tí Bàdírù ń wọ̀, n óò gbé e sẹ́nu ihò náà kí ó máa wọ̀ ọ́. Mo ti wo ojú ìka tuntun tó wà lára amọ̀ láàárọ̀ yìí kí n lè mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti tóbi sí i níbi tó lọ, nítorí mo gbé tèmi lé e, ó bá a mu gẹ́lẹ́. Ìwọ̀n tèmi ni n óò rà.

Allah yóò ṣọ́ ọ, yóò ṣọ́ àwọn ọmọ, ọ̀nà rẹ kò ní dí. Èmi àti ìyá rẹ kí yín.

Èmi bàbá rẹ,
Jàlálù.