Ìdérí Ẹ̀rọ Wáfù Màmá

Awakọ̀ mi,

Mo ti ba àṣà ilé yín jẹ́ o. Bí mo ṣe ń yan bísíkíìtì Sátidé nínú ẹ̀rọ wáfù Màmá láàárọ̀ yìí, fóònù dún, mi ò sì di ìdérí mú kí n kà dé ogójì bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi. Mo padà dé, ẹyọ kan ò jóná! Ó yà mí lẹ́nu, mo bá pe Màmá.

Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín. Wọ́n ní, "Ìyàwó, àṣírí tú. Bàbá ọkọ ẹ, awakọ̀ lòun náà, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í gbélé. Mo bá parọ́ fún un pé bí kò bá di ìdérí mú kó kà dé ogójì, bísíkíìtì á jóná. Mo fẹ́ kó dúró tì mí ni."

Ìyẹ̀fun tí mo pò ṣì kù nínú fíríìjì. Ẹ má dá a yan! Mo mọ̀ pé ẹ tún ń lọ lọ́la. Mo jáde díẹ̀ ni; aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni màá dé. Ẹ wá bá mi di ìdérí mú.

Kẹ́ ẹ sì rọra ka ogójì yẹn.

Ìyàwó yín