Èéfín Ọjọ́ Ìsinmi

Màámi àtàtà,

Mo dáná ẹja lónìí, ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

Ṣé ẹ rántí ahéré ẹ̀yìnkùlé tí ẹ ti máa ń yan ẹja? Tíṣà kan ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn òkìtì èèpo àgbọn. Lápá Òtò ló ti ń kọ́ni. Ó sọ̀rọ̀ sí ìjọba ológun ní gbangba nítorí ebi tó ń pa ará ìlú, ni wọ́n bá ń wá a kiri. Èmi ni mo ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó wọlé, tó jókòó sẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo béèrè ọgbọ́n lọ́wọ́ Ọlọ́run bí ẹ ṣe máa ń béèrè rẹ̀, láìdijú, bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n mú un lọ sílé. Ṣé ọgbọ́n nìyẹn, Màámi, àbí ìwà òmùgọ̀?

Láàárọ̀ yìí ni mo gbọ́ pé àwọn ṣọ́jà ti gba ọ̀nà Mowo wá, wọ́n ń tú ilé kọ̀ọ̀kan. Mo ní bí èéfín bá kún ahéré, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ wọ̀ ọ́. Mo fún tíṣà ní aṣọ tútù kó fi bo imú, mo sáré dáná. Mo gbàgbé pátápátá pé kò sí ọmọ ìjọ wa kan tó ń yan ẹja lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ̀yin gan-an lẹ sì fi òfin yẹn lélẹ̀ nígbà tí ẹ jẹ́ Ìyá Ìjọ!

Ọmọ àdúgbò kan ló ń fọ̀nà han àwọn ṣọ́jà nígbà tí wọ́n dé ilé wa. Bó ṣe rí èéfín, ó bi mí pé irú kí lèyí ní Sọ́ńdè. Tíṣà húkọ́ nínú lọ́hùn-ún, mo yáa bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ tèmi bí ẹni tí ikọ́ fẹ́ pa.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Sẹ̀nàmi, aládùúgbò wa, gba ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú àpáàdì lọ́wọ́. Mo ní ó parí fún mi. Ẹ kò mọ ohun tí mo ṣe fún un lẹ́yìn tí ẹ lọ. Kò wá síbi ìsìnkú yín, inú sì bí mi. Nígbà tí kẹrosíìnì àti ìṣáná wá di ohun àwátì, ó wá tọrọ ẹyín iná, mo ní iná ti kú. Èéfín sì ń yọ lórí òrùlé mi! Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé àìsàn ló dá a dúró sílé lọ́jọ́ ìsìnkú. Mi ò lọ bẹ̀ ẹ́. Ojú ń tì mí.

Ó wò mí, ó wo àwọn ṣọ́jà. Ó wá fi Yorùbá rẹ̀ tó ní ohùn Ègùn sọ fún wọn pé ẹja àná pọ̀, ó fẹ́ bàjẹ́, pé alùfáà ti yọ̀ǹda fún àwa méjèèjì. Irọ́ pọ́ńbélé, Màámi! Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí ààrò mi, ó kó ẹyín iná, ó lọ dáná tirẹ̀. Ṣọ́jà kan yọjú sínú ahéré, èéfín lé e jáde. Nígbà tí wọ́n rí i tí èéfín ń yọ nílé kejì náà, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ṣùgbọ́n tíṣà ṣì wà níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ kọjá ààlà kí wọ́n tó padà wá. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tí wọn kì í dá dúró lójú omi ni ti ọkọ Ìyá Sẹ̀nàmi, tó máa ń kó àgbọn lọ sí Kútọnù. Èmi ni mo máa lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Sẹ̀nàmi. Ẹ̀rù ìtọrọ yẹn ń bà mí ju ti ṣọ́jà lọ.

Ẹ máa ń bọ́ bàtà kí ẹ tó lọ bẹ ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọmọdé. Mo ti bọ́ tèmi. Ọkọ̀ náà wà létí ọ̀sà, mo ń wò ó láti ibi tí mo jókòó sí. Bí òun náà bá ní ọkọ̀ ti jò ńkọ́?

Èmi ni, ọmọ yín tí àárò yín ń sọ, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀.