Àgbọn Tí Ẹ Kò Gbìn fún Wa

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó rẹ̀ mí. N kò mọ̀ bóyá ó yẹ kéèyàn fi ọ̀rọ̀ àárẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀, àmọ́ òun ló wà lẹ́nu mi. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ọwọ́ mi ti wú. Òjò tún rọ̀ ní Lagos Town wa ní Accra níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, omi wọlé, ó mù wá dé orókún. Èmi àti Sìkírá àbúrò mi la gbọ́n ọn. Ta ni ì bá tún gbọ́n ọn?

Ẹ óò máa rò pé omi kì í wọlé yìí tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Nígbà tí ẹ wà láyé, bó ti wù kí òjò Accra le tó, àgbàlá ló ń mọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, àwọn igi àgbọn méjèèjì ló sì ń fa omi náà mu, igi Bùọ̀dá Ràfíù àti igi Mùtíù. Tí Ìyá wa bá bí ọkùnrin fún yín, ẹ óò ri ibi ọmọ náà mọ́ àgbàlá, ẹ óò gbin àgbọn lé e lórí, igi di ti ọmọ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bí èmi àti Sìkírá, ẹ ri tiwa mọ́ ẹ̀yìn balùwẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀, ó parí. Ẹ ní obìnrin ń lọ sílé ọkọ, igi rẹ̀ wà lọ́hùn-ún.

Láràárọ̀, omi àlùwàlá tó bá kù nínú búta yín, ìdí àwọn igi náà lẹ máa ń dà á sí, ẹ óò wá rọra fọwọ́ gbá ara igi bí ẹni ń kí ọmọ. Mo fẹ́ràn kí n máa wò yín. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, tí omi búta ò tó nǹkan kan, ta ló ń ru garawa láti ìdí ẹ̀rọ ní Mamobi? Bùọ̀dá àti Mùtíù wà nídìí bọ́ọ̀lù. Àwa la pọnmi fún igi onígi títí àtàrí wa fi fẹ́ẹ̀ pá.

Sìkírá kò lọ sílé ọkọ kankan. Èmi lọ, mo padà, ẹ mọ̀. Èmi ni mo ń wẹ̀ yín nígbà tí ẹsẹ̀ kò gbé yín mọ́, èmi ni mo ń gbé àga yín sábẹ́ igi Mùtíù nítorí atẹ́gùn. Ní gbogbo ọ̀sán tí ẹ fi jókòó níbẹ̀, ṣé ẹ ronú kan igi tiwa rí? Ó wù mí kí n bi yín nígbà náà. Mo wo ojú yín, mo kàn tún ìrọ̀rí ẹ̀yìn yín ṣe.

Lọ́jọ́ fìdáù yín, àwọn ọkùnrin ṣèpàdé ní pálọ̀. Àwa wà ní ìdáná, à ń bu wáákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, fún àlejò. Ìgbà tí wọ́n jáde la gbọ́ pé wọ́n máa gé igi, wọ́n máa da sìmẹ́ǹtì sí àgbàlá, wọ́n á kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo ní omi máa wọlé. Mo tún un sọ. Bùọ̀dá Ràfíù ní ẹni tí igi dúró lórí ibi rẹ̀ nìkan ló láṣẹ lórí igi náà, tí onítọ̀hún bá ti gbà, ọ̀rọ̀ ti tán, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá fi lélẹ̀. Wọn ò purọ́, bẹ́ẹ̀ lẹ fi lélẹ̀. Èmi tí n kò nígi, kí ni mo fẹ́ sọ? Wọ́n gé méjèèjì. Bùọ̀dá padà sí Tema, Mùtíù padà sí Kumasi, òjò wá bá àwa obìnrin nílé.

Inú ń bí mi, Bàbá. N kò ní purọ́ fún yín. Ó ń bí mi sí wọn, ó sì ń bí mi sí yín díẹ̀. Ẹni tó ń ru omi ló mọ ibi tí omi ń gbà. Kí ló dé tí wọn kì í bi í? Àga yín ni mo máa ń bi tí mo bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀.

Ìròyìn ayọ̀ náà wà. Bùsírátù ọmọ mi ti bímọ, obìnrin ni, iwájú orí yín ló gbé wá. Ní ọsibítù, mo ní kí nọ́ọ̀sì fún mi ní ibi ọmọ. Ó wò mí, ó dì í sínú rọ́bà dúdú, mo gbé e lé itan nínú ọkọ̀ trotro títí dé ilé. Ibì kan ṣoṣo ló kù tí sìmẹ́ǹtì kò tíì dé, igun ògiri, níbi tí wọ́n ti ta okùn ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù sí. Èmi ni mo fọkọ́ gbẹ́ ẹ. Sìkírá mú àgbọn tó ti hù wá. Kò sí ọkùnrin kankan nílé, a ò sì dúró dè wọ́n. A ri ibi náà mọ́lẹ̀, a gbin àgbọn lé e, a ṣàdúà.

Lánàá, Bùọ̀dá Ràfíù mú bíríkìlà dé. Bùọ̀dá rí ọ̀mùnú àgbọn náà láàárín okùn, ó ti yé wọn kí n tó lanu. Wọ́n béèrè ẹni tó ni ín, mo sọ fún wọn. Wọ́n jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń nu ojú. Mo rò pé wọ́n á bú mi, wọn ò bú mi. Wọ́n kàn fi ohùn tó jọ tiyín bi mí pé ìgbà wo ni ẹni tó ni igi máa tó lè gbà kí wọ́n hú u. Mo ní kí wọ́n wọ yàrá lọ bi í fúnra wọn, ó ń mu ọmú lọ́wọ́.

Bíríkìlà ti ká okùn rẹ̀ lọ. Omi àlùwàlá mi ni mo dà sídìí àgbọn náà láàárọ̀ yìí. Mo fẹ́ fọwọ́ gbá a bíi tiyín, àmọ́ ó ṣì kéré, ìka kan ni mo fi kàn án. Òjò púpọ̀ ṣì máa rọ̀ kó tó lè bá wa mu omi, ẹ̀yìn yìí náà ló sì máa gbọ́n ọn. Ẹ sùn re, Bàbá.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó lọ tó sì padà, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀.