Owó Àyẹ̀wò Alága

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Alága tún gbé ọ̀rọ̀ ìfun dé. Ìyàwó mi ni mò ń pè ní Alága, nínú ìwé yìí nìkan. Tó bá gbọ́, màá rí màbo.

Láti ìgbà tí jẹjẹrẹ ìfun ti pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ti ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó irun tó ń dì. Jẹ̀dí ni gbogbo wa ń pè é nígbà náà. À ń sọ fún aláìsàn pé kó yé jẹ nǹkan dídùn! Nọ́ọ̀sì ti wá sọ fún Alága pé ẹni tí irú ẹ̀ bá pa ọmọ ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí inú á máa run ún. Kó lọ kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ìfun rẹ̀. Owó kámẹ́rà yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun tí mo fẹ́ máa fi jórin. Mo ní, "Kéèyàn san tó báyẹn, kí wọ́n wá ní àwọn ò rí nǹkan kan ńkọ́? Ṣé owó ò ṣòfò?" Ó wò mí bí ẹni ń wo irun tí ẹlòmíì dì tí kò gún.

Ọjọ́ Bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ti ike kékeré. Nọ́ọ̀sì ń fún àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún — kí wọ́n bu ìgbẹ́ díẹ̀ sí i, wọ́n á wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Alága gba kan wá fún mi. Mo ṣe é kí ilé lè tòrò. Àgbàlagbà bí èmi, mo gbé ìgbẹ́ ara mi sínú láílọ́ọ̀nù, mo ń kí èèyàn lọ́nà bí ẹni tó lọ ra búrẹ́dì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ẹ̀jẹ̀ wà nínú tèmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ní jẹ̀dí ni. Alága ò bá mi jà. Ó kàn ní, "Ohun tí àǹtí mi náà sọ nìyẹn."

Ó kó gbogbo owó tó fi pamọ́ sórí tábìlì. Mo ní owó tirẹ̀ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ ló kú. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ilé tó ń jó là ń kọ́kọ́ da omi sí. Tèmi ò tíì rú èéfín." Ìgbà wo wá ni tirẹ̀? Ó ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀. Ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ọdún tó ń bọ̀! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò lò tó ìdajì ọdún lẹ́yìn tí wọ́n mọ ohun tó ń ṣe é. Irú obìnrin wo lèyí? Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún díẹ̀. Ó dáa — mo sunkún púpọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ti mu oògùn tí wọ́n ní kó fọ inú mi mọ́. Ilé ìyàgbẹ́ ni mo ti ń kọ èyí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Wọ́n rí kókó kan nínú ìfun mi, wọ́n gé e kúrò lójú ẹsẹ̀. Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin tí mo lè bí, ní kò tíì di jẹjẹrẹ, àmọ́ ọ̀nà ibẹ̀ ló dorí kọ. Mo sáré dìde láti dúpẹ́. Mo gbàgbé pé aṣọ ọsibítù ṣí lẹ́yìn.

Ẹ̀rín tán lọ́dọ̀ akáṣíà. Owó ti fò sókè. Ó ní tí wọ́n bá kàn wo inú, àyẹ̀wò ni. Tí wọ́n bá ti gé nǹkan, ó ti di iṣẹ́ abẹ, iye tiẹ̀ sì yàtọ̀. Èmi ti ń bẹ̀bẹ̀ ní tèmi. Alága ò bẹ̀bẹ̀. Ó tẹ̀ mọ́ wíńdò, ohùn rẹ̀ ò ròkè rárá: "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, là mí lóye. Kókó la ní kẹ́ ẹ wá. Ẹ wá a, ẹ rí i. Ká ní ẹ ò rí i, owó kékeré la ò bá san. Torí pé ẹ rí ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá, ó ti wá yí orúkọ padà? Tí oníbàárà mi bá ní kí n wo orí òun bóyá iná wà níbẹ̀, tí mo rí iná kan, tí mo yọ ọ́, ṣé mo ti ṣiṣẹ́ abẹ nìyẹn?"

Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Akáṣíà náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe òun ló ń dá iye lé e. Alága ní, "Mo mọ̀. Bá mi pe ẹni tó ń dá a lé e."

Dókítà fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ wá. Wọn ò yọ nǹkan kan kúrò nínú owó. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà ká máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀, dókítà sì ṣèlérí pé láti ìsinsìnyí, iye méjèèjì ni wọ́n á máa sọ fún èèyàn kó tó bọ́ ṣòkòtò. Ìyá arúgbó kan tó tò sẹ́yìn wa di ọwọ́ Alága mú. Ẹnu tó fi ń bá mi jà láti ọjọ́ yìí wá! N ò mọ̀ pé ohun ìjà gidi ló wà nílé mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin

Mo ta Alágídí, alùpùpù mi. Mo sọ fún Alága pé ọ̀rẹ́ mi ló yá a.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù báyìí. Alága ní, "Ọ̀rẹ́ yín ò tíì dá a padà?" Mo ní ó ń bọ̀. Ó ní, "Mo pàdé ọ̀rẹ́ yín lọ́nà lónìí. Ẹsẹ̀ lòun náà fi ń rìn." Ariwo tí mò ń retí ò dé. Ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, ó ní kí n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. "Òpùrọ́. Ọjọ́ wo ni wọ́n mú fún kámẹ́rà tèmi?"

Ọjọ́ Bọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún

Wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ wíńdò akáṣíà: iye tí àyẹ̀wò jẹ́, àti iye tó máa jẹ́ tí wọ́n bá gé nǹkan. Gàdàgbà-gàdàgbà. Akáṣíà tajú kán rí wa: "Màámi, iná orí ńkọ́?" Alága rẹ́rìn-ín, ó kó báàgì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó wọlé.

Ẹ̀rù bà mí ju ọjọ́ tèmi lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mò ń rántí, bó ṣe máa ń ní jẹ̀dí lásán ni. Mo lọ́ okùn báàgì yẹn títí ó fi já.

Ó jáde, oorun oògùn ṣì wà lójú rẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó gbórí lé mi léjìká.

"Bàbá Ìbejì, wọn ò rí nǹkan kan o. Owó yín ti ṣòfò."

Mo ní kó tún un sọ.