Ọmọ Olóyè Tí Òkun Jẹ́ Ogún Rẹ̀: Ìgbésí Ayé Ọ̀gá Ọkọ̀ Ninian Dalgarvie

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 1776 ni a bí bàbá wa, Ọ̀gá Ọkọ̀ Ninian Dalgarvie, sínú ilé olódi Kilmorrach, ní etíkun ìlà-oòrùn Skọ́tlándì. Bàbá wọn ni Olóyè Archibald, ẹni kẹfà tó jẹ oyè Kilmorrach. Ìyá wọn ni Ìyáàfin Grizel, ọmọ ìran Carnethy, àwọn tí ẹnu wọn mú ju idà lọ. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta ilé náà lọ́rẹ: Gavin ni àrẹ̀mọ, Lachlan tẹ̀lé e, bàbá wa sì ni àbígbẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ẹbí àti ọ̀rẹ́ tí ẹ mọ àṣà ilé olóyè, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń pín. Àrẹ̀mọ ló ni ogún, àwọn àbúrò ló ni ogun. Ọmọ ọdún méjìlá ni bàbá wa nígbà tí Olóyè Archibald pín iṣẹ́ fún àwọn ọmọ wọn nídìí oúnjẹ ọ̀sán.

"Gavin ló ni ilẹ̀," ni Olóyè wí. "Lachlan ń lọ bá àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀. Ninian wá ńkọ́? Kí ló kù?"

"Òkun ló kù," ni Ìyáàfin Grizel dáhùn, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò nínú àwo ọbẹ̀ wọn. "Ó sì tóbi ju ilẹ̀ Gavin lọ."

Inú bàbá wa kò dùn. Ẹṣin àti ẹ̀wù pupa ni wọ́n ń fẹ́. Lachlan náà ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. "Má sunkún, Ninian," ni Lachlan ń sọ. "Ẹja ni yóò máa kí ọ ní ọ̀gá." Báyìí ni bàbá wa ṣe kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ogun ọ̀rẹ́ bàbá wọn kan. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti kọ́ ìṣirò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń fi ìràwọ̀ mọ ọ̀nà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹṣin.

Nígbà tí ogun àwa àti Faransé dáwọ́ dúró ní ọdún 1802, ìjọba dá àwọn ọ̀gá ojú omi padà sílé pẹ̀lú ààbọ̀ owó oṣù. Àbúrò olóyè tí kò ní ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí àlejò tó pẹ́ jù. Nídìí tábìlì ẹ̀gbọ́n wọn Gavin, tó ti jogún oyè, ni bàbá wa ti ń jẹun, ìyàwó Gavin sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín ọbẹ̀ wọn kù. Bí wọ́n ṣe ń sá lọ sí ilé àlùfáà Tulloch nìyẹn, àṣé Euphemia, ọmọ àlùfáà, ni wọ́n ń wò. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ tọrọ ọmọ, àlùfáà bi wọ́n pé, "Kí lo ní?"

"Ẹ̀wù kan, sà, idà kan, àti ẹ̀gbọ́n tó ní ilẹ̀."

Àlùfáà mi orí. Màmá wa ló dá sí i láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: "Bàbá mi, kì í kúkú ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo fẹ́ fẹ́."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kẹrin ọdún 1803. Kí oṣù tó tẹ̀lé e tó parí, ogun tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ti ọdún 1809 ni ẹbí yìí fẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ dáadáa, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ ní àsọdùn jù ní ilé ọtí. Bàbá wa ti di ọ̀gá ọkọ̀ Corncrake, ọkọ̀ ogun kékeré kan. Faransé ti lé àwọn ọmọ ogun wa dé etíkun Sípéènì, wọ́n sì ń wọ ọkọ̀ láti sá àsálà. Lójijì, Faransé gbé ìbọn àgbá dé orí òkè. Àmì àsíá gòkè lórí ọkọ̀ olórí wa pé kí gbogbo ọkọ̀ gbéra lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ṣì kù sí etíkun ni àwọn tó ń dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá kí àwọn yòókù lè ráyè lọ. Lachlan ni ọ̀gá wọn.

"Ọ̀gá, àmì ti gòkè o," ni igbákejì bàbá wa, Ọ̀gbẹ́ni Mowat, wí.

"Mo rí i. Ẹ sọ àwọn ọkọ̀ kéékèèké kalẹ̀."

Ẹni tó bá ṣàìgbọràn sí irú àmì bẹ́ẹ̀ lè pàdánù ọkọ̀ rẹ̀, àbúrò olóyè tó bá sì pàdánù ọkọ̀ kò ní nǹkan mìíràn láyé. Bàbá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n tukọ̀ sún mọ́ etí omi, wọ́n fi Mowat sídìí àwọn ìbọn, àwọn fúnra wọn sì bá ọkọ̀ kékeré tó kẹ́yìn lọ. Lachlan ni wọ́n bá nínú omi tó mu wọ́n dé àyà, tí Lachlan pọn ọmọ ogun kan tó fara gbọgbẹ́.

"Ta ló ní kí o dúró?" ni Lachlan pariwo. "Wọn á gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ, òpònú."

"Ẹ wọlé ná, ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ tó máa bú mi."

"Àwọn ọmọ mi ló máa kọ́kọ́ wọlé."

"Wọ́n ti wọlé tán. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín ló kù. Lórí ilẹ̀, ẹ jù mí lọ. Nínú omi yìí, èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ wọlé."

Lachlan wọlé. Ìbọn Faransé ṣẹ́ ọ̀pó ìgbòkun kan, ó sì pa atukọ̀ méjì, Tam Geddie àti Wull Pirie. Títí bàbá wa fi lọ, orúkọ àwọn méjèèjì kò kúrò nínú àdúrà ilé wa.

Àwọn ọ̀gá àgbà pe bàbá wa lẹ́jọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n ní èéfín ìbọn ló bo àwọn lójú.

"Ṣé o rí àmì náà?" ni àgbà kan bèèrè.

"Mo rí i, sà."

"Kí ló dé tí o kò gbọ́ràn?"

"Iṣẹ́ tí ẹ rán mi síbẹ̀ ni pé kí n kó àwọn ọmọ ogun, sà. N kò tíì kó wọn tán."

Àwọn àgbà náà bá bàbá wa wí, wọn kò sì fún wọn ní ọkọ̀ ńlá láéláé, ṣùgbọ́n wọ́n dá Corncrake padà fún wọn. Ṣíṣọ́ àwọn apẹja ní òkun àríwá ni wọ́n fi ṣe ìjìyà wọn, títí ogun fi parí ní ọdún 1815. Ìjìyà náà dùn mọ́ wọn. Láti orí omi, wọ́n ń rí èéfín ilé ìdáná màmá wa.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n di alàgbà ìjọ Kilmorrach. Wọ́n máa ń sùn nígbà ìwàásù, àfi ti Jónà. Wọ́n bẹ Gavin títí tí Gavin fi yọ̀ǹda ilẹ̀ etí omi, wọ́n sì kó àwọn ará abúlé jọ láti mọ odi òkúta tó ń gba ìgbì fún ọkọ̀ apẹja. Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kó ní Sípéènì wá láti ọ̀nà jíjìn láti bá wọn gbé òkúta. Wọn kò gba kọ́bọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá ọdún 1841, bàbá wa ní kí màmá wa ṣí fèrèsé.

"Níbo ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́?"

"Láti ojú òkun ni," ni màmá wa wí.

"Ó dára. Àwọn apẹja á tètè délé."

Wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni wọ́n.

Wọ́n fi ìyàwó sáyé lọ, Ìyáàfin Euphemia, ẹ̀gbọ́n wọn Lachlan, àwọn ọmọ wọn, Grizel, Hew tó wà lójú omi, àti Isobel, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti Olóyè Kilmorrach, ọmọ Gavin.

Bàbá wa, kí Ọba tó ni ilẹ̀ tó ni omi fi yín sí ibi tí ìjì kì í dé. Kí oorun yín dùn.