Mọ́tò Màámi Tí Kì í Jí Láàárọ̀ Òtútù

                                        Yàrá ẹ̀yìn,
                                        Ilé onígéètì àwọ̀ ewé,
                                        Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìíní.

Elétí Ehoro, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ télọ̀ tí o lọ kọ́ ńkọ́? Ṣé abẹ́rẹ́ ò tíì gún ọ nímú? Bá mi kí ìyá àgbà tí o ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Mo mọ̀ pé wọn ò lè gbàgbé mi, torí ọjọ́ tí mo fi ohùn wọn pè ọ́ láti yàrá kejì, tí àwọn fúnra wọn ń bi ara wọn pé ìgbà wo ni àwọn pè ọ́.

Tiwa níbí, ara gbogbo wa le, àfi mọ́tò Màámi. O mọ̀ ọ́n, àgbà mọ́tò tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì yẹn. Látìgbà tí òtútù ti dé, bó bá di àárọ̀, kò ní jí. Á yí, á yí, á húkọ́, á tú èéfín funfun jáde, á sì dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ fọ abọ́.

Ta ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí? Èmi kẹ̀! Bàbá mi ní kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo dà sínú táǹkì. Mo búra títí, àmọ́ o mọ̀ pé ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán bora, aṣọ olè ló dà bora.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màámi pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọn ní ọsibítù lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí agogo méje ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀, kò sì sí bọ́ọ̀sì kankan lọ́nà títí agogo méje. Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ní bó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á gbé Màámi lọ sí ọsibítù ìlú òkèèrè, tó jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan la ó máa rí wọn. Ni Bàbá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń dín ẹyin. Nígbà tí mo tọ́ ẹyin yẹn wò, ẹ̀rù bà mí gidi.

Bátìrì tuntun ni Bàbá mi kọ́kọ́ rà. Pàbó ló já sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta la gbé mọ́tò lọ bá mẹkáníìkì tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kò-Síyọnu. Bó bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, vùùù! Ẹ́ńjìnnì ti dáhùn. Á na ọrùn, á fi imú sọ̀rọ̀: "Kò síyọnu, ẹ máa gbé e lọ." Ṣé o mọ ohun tó fà á? Bàbá mi ò fẹ́ kí mọ́tò dójú ti àwọn lójú èèyàn. Ká tó lọ, a ó tì í ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí á fi jí, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á wà á yí àdúgbò ká, títí ara rẹ̀ á fi gbóná dáadáa!

Lọ́jọ́rú, bí Kò-Síyọnu ṣe tún ń na ọrùn, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo la ẹnu, mo ṣe mọ́tò wa ti àárọ̀ fún un: kẹkẹkẹkẹkẹ, kẹkẹkẹkẹkẹ, úhù! Pùùù. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi ti ń wá ohun tí wọ́n á fi nà mí, àmọ́ Kò-Síyọnu gbé ọwọ́ sókè.

"Ìwọ, tún un ṣe. Ṣé bó ṣe ń yára tó nìyẹn, àbí ó ń fà bí àgbàlagbà tó ń gun àtẹ̀gùn?"

Mo ní ó ń yára. Ó ní á jẹ́ pé bátìrì kọ́. Ó bi mí nípa èéfín. Mo ní funfun ni, ó ń rùn bí epo tí kò jóná, ó sì ń ta ojú. Ó ní epo ń dé inú ẹ́ńjìnnì nìyẹn, iná ni kò ràn án. Ká ní kò sí èéfín rárá ni, òun ì bá ní epo ni kò dé ibẹ̀. Ó wá ní, "Kí ló dé tí èmi ò rí èyí rí?"

Mo wo Bàbá mi. Bàbá mi wo ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n jẹ́wọ́ tán, Kò-Síyọnu ké: "Háà, Bàbá! Ẹ fún aláìsàn lóògùn, ẹ fi ìpara pa á lára, ẹ wá ń gbé e wá kí n wo ohun tó ń ṣe é!"

Ó tú àwọn púlọ́ọ̀gì mẹ́rin tó máa ń mú inú ẹ́ńjìnnì gbóná kó tó jí. Ó so wọ́n mọ́ bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan pọ́n bí ata. Mẹ́ta yòókù dúdú bó ṣe wà, wọn ò tiẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó fi tuntun mẹ́rin sí i, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ìwàǹwára jí i mọ́: ká yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì, ká dúró kí iná kékeré tó wà níwájú awakọ̀ kú, ká tó yí i dé òpin. Bàbá mi ní àwọn rò pé ọ̀ṣọ́ ni iná yẹn!

Àárọ̀ àná ni ìdánwò. Òtútù mú débi pé gíláàsì mọ́tò funfun. Màámi jókòó sínú rẹ̀, Bàbá mi káwọ́ lérí, èmi wà lẹ́yìn, mo ti múra àtitì. Màámi yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì. Iná tàn. A ń wò ó. Iná kú. Kẹkẹ, vùùù!

Ẹ̀rù ba Màámi pé mọ́tò lè yí ọkàn padà, ni wọ́n bá wà á gba géètì jáde. Wọn ò dágbére, wọn ò mú báàgì, sálúbàtà ilé ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo gbé báàgì, mo gbé bàtà iṣẹ́, mo ń sáré tẹ̀ lé e, mo ń pariwo kí wọ́n dúró. Màámi na orí jáde, wọ́n ní, "Jù ú wọlé! Mi ò dúró o!"

Mo jù ú wọlé. Agogo méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n dé ẹnu iṣẹ́. Ẹsẹ̀ ń ro mí títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, àmọ́ irú ìrora yẹn, kó máa bọ̀.

Màámi àti Bàbá mi ní kí n kí ọ. Bá mi kí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń ránṣọ. Bí o bá ń fèsì, má gbàgbé láti sọ bí ọ̀gá rẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, kí n ti máa dán an wò sílẹ̀.

Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ, tọkàntọkàn àti tẹnutẹnu,

Ayékòótọ́