Ọjọ́ Tí Akínyẹlé Gun Òkè Lọ Dúró De Olúwa

                                        Òpópónà Ajílósùn,
                                        Adó-Èkìtì.
                                        14 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Jùwọ́n, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ìlọrin? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń yọ ọmọ lẹ́nu ti lọ? Ara èmi le, iṣẹ́ tíṣà náà ń lọ bó ṣe ń lọ.

O ní o gbọ́ pé orí Akínyẹlé àbúrò wa ti dàrú. Ọ̀rọ̀ a máa sanra lọ́nà. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni n ó sọ fún ọ.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó darapọ̀ mọ́ ìjọ kékeré kan tó ń gbàdúrà lórí òkè nítòsí Igbẹmọ. Wòlíì wọn ní Olúwa ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kan báyìí, pé kí ẹni tó bá fẹ́ bá a lọ fi oko àti ọjà sílẹ̀. Akínyẹlé gbé àdá kọ́, ó ń gbààwẹ̀. Ìrẹsì rẹ̀ sì ti gbó, ẹyẹ ti bò ó.

Mo lọ bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, kí ni ìrẹsì jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyè àìnípẹ̀kun?" Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní kí ó múra. O mọ Ìyá Oore, kì í jiyàn. Kí ó tó fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ láàárọ̀ ló ti máa ń gbàdúrà, kì í sì í bá èèyàn jà kí ilẹ̀ ṣú kó má tíì bẹ̀ ẹ́. Ó dáhùn pé, "Bàbá Oore, èmi náà ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu iṣẹ́ ni mo fẹ́ kó ti bá mi."

Nígbà tọ́jọ́ pé, Akínyẹlé wọ aṣọ funfun. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ń wo òkú, ó sì lọ. Ìyá Oore mú dòjé, èmi náà bá a lọ sóko. Ó ń gé ìrẹsì, ó ń kọrin jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, ó dáwọ́ dúró, ó gbójú sókè ọ̀run. Ó pa orin tì, ó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun náà.

Oòrùn wọ̀, kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará òkè ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ebi ti hàn wọ́n léèmọ̀. Wòlíì ti gba ibòmíràn lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi wọ́n ṣẹ̀sín: "Ṣé Jésù ò rí mọ́tò wọ̀ ni?" Ìyá Oore lé àwọn ọ̀dọ́ náà dànù. Ó gbé ìkòkò ìrẹsì kaná, ó ń bu oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá yà.

Akínyẹlé ló dé kẹ́yìn. Kò lè wọlé, ó jókòó sórí àpáta tó wà níta. Ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ tọ̀ ọ́ lọ: "Bàbá Oore, ẹ kú ìrìn. Ẹ jẹun." Kò bi í ní nǹkan kan. Ẹkún ni Akínyẹlé fi jẹ oúnjẹ náà.

Ẹyẹ ti jẹ púpọ̀ nínú ìrẹsì náà, wọ́n ti kó ìyókù wọlé. Mo bi Akínyẹlé lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá ó ṣì ń retí Olúwa. Ó ní òun ń retí rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun ti ní kí Ìyá Oore máa jí òun ní kùtùkùtù, kí àwọn jọ máa gbàdúrà kí àwọn tó lọ sóko.

Bá mi kí ìyàwó àti Olúwabùsáyọ̀ kékeré. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún ọ pé orí Akínyẹlé dàrú, sọ fún un pé ó wà lóko.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
                                        Ọláoyè.